Aṣọ́bàtà

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Kayal gbàṣẹ kó tó nífẹ̀ẹ́ Maruthan, irọ́ ló pa. Kò gbàṣẹ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, kò gbà á lọ́wọ́ Àǹtí Sornam tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, kò sì gbà á lọ́wọ́ òrìṣà ìdílé tí wọ́n fẹ́ fi dẹ́rù bà á. Àní lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin ò sí lọ́kàn rẹ̀ rárá. Ẹsẹ̀ tó ń jó o ló gbà á lọ́kàn.

Lọ́dọọdún, tí oṣù Panguni bá ti wọlé, bàbá Kayal, Ọ̀gbẹ́ni Sokkalingam, a háyà bọ́ọ̀sì kékeré kan ní Chennai, a kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sínú rẹ̀, wọ́n á sì forí lé gúúsù níbi tí wọ́n bí i sí. Ọjọ́ Uthiram, ọjọ́ ọdún ńlá oṣù náà, kì í bá ọmọ ibẹ̀ ní ìdálẹ̀. Ọjọ́ náà ni àwọn òrìṣà ń gbéyàwó, ọjọ́ náà sì ni kálukú ń padà lọ kí òrìṣà ìdílé rẹ̀, ibi yòówù kí oúnjẹ òòjọ́ gbé e lọ. Wọn kì í kánjú lórí ìrìn náà. Tẹ́ńpìlì tó bá wà lọ́nà, wọ́n á yà. Wọ́n á sùn ní Srirangam, wọ́n á sùn ní Madurai, kí wọ́n tó dé ilé Àǹtí Sornam lẹ́bàá odò, níbi tí gbogbo ẹbí ti ń pàdé.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, awakọ̀ wọn àtijọ́ ti dàgbà, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Maruthan ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú, gíga, onísùúrù, tí kì í fọn fèrè ọkọ̀ láìnídìí, èyí tó ṣọ̀wọ́n gan-an láàárín àwọn awakọ̀ wa.

Bàtà ò gbọ́dọ̀ wọ tẹ́ńpìlì, bẹ́ẹ̀ àwọn olè bàtà ò níṣẹ́ méjì ju kí wọ́n máa rìn gbéregbère lẹ́nu ọ̀nà. Nítorí náà inú ọkọ̀ ni ìdílé náà ń bọ́ bàtà wọn sí, awakọ̀ á sì máa ṣọ́ ọ. Ní Srirangam, Kayal dúró lẹ́yìn kí erin tẹ́ńpìlì lè fi ọwọ́jà rẹ̀ súre fún un lórí. Ìgbà tó fi máa jáde, àwọn òbí rẹ̀ ti lọ, oòrùn ti dé àtàrí, òkúta àgbàlá sì ti gbóná bí agbada orí iná. Ó sáré dé òjìji òpó kan, ó dúró síbẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan, ó ń ronú ibi tó máa gbà.

Ibẹ̀ ló wà tó fi rí awakọ̀ tuntun náà tó ń bọ̀. Bàtà òun Kayal ló mú dání. Ẹnu yà á, torí pé ọkùnrin kì í ṣàdédé fi ọwọ́ gbé bàtà ọmọ ẹlòmíràn nílẹ̀ wa. Ìwọ̀sí ni.

“Bùrọ̀dá, ta ló rán yín?”

“Òkúta ló ránṣẹ́ sí mi,” Maruthan dáhùn, ó sì gbé bàtà náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀. “Ó ní ọmọbìnrin kan ń jó lórí òun, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó ń kọrin.”

Kayal rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé òun ò mọ̀ ọ́n. Ó wọ bàtà. Ìgbà tí wọ́n dé ibi ọkọ̀, bàbá rẹ̀ ti dúró, ọwọ́ méjèèjì ní ìbàdí.

“Ìwọ, kí ló dé tó o fi ń fọwọ́ gbé bàtà obìnrin kiri láàárín èrò? Iṣẹ́ tí mo háyà ẹ fún nìyẹn?”

“Alàgbà, iṣẹ́ tí ẹ háyà mi fún ni kí gbogbo yín dé ibi tí ẹ ń lọ,” ni Maruthan wí. “Ẹsẹ̀ wọn wà lára wọn.”

Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀gbẹ́ni Sokkalingam ti sọ ọ́ ní Aṣọ́bàtà. Kò pe orúkọ rẹ̀ mọ́. “Aṣọ́bàtà, gbá ọkọ̀.” “Aṣọ́bàtà, ṣé o ti jẹun?” Maruthan á ní bẹ́ẹ̀ ni, alàgbà. Kayal jókòó sẹ́yìn, ó ń wo ẹ̀yìn ọrùn ọkùnrin náà, ó sì ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó kàn án nínú ọ̀rọ̀ ọrùn awakọ̀.

*

Ilé ìtajà awò ojú ni Kayal ti ń ṣiṣẹ́ ní Chennai. Òun ló ń yẹ ojú àwọn oníbàárà wò. Oṣù méjì lẹ́yìn ìrìn náà, ó gbé orí sókè, ó sì rí Maruthan lórí àga, ó jókòó wọ̀ọ̀ bí ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò.

“Kí ló ń ṣe ojú yín?” Kayal béèrè, ó ṣe bí ẹni tí kò dá a mọ̀.

“Mi ò mọ̀. Ẹ bá mi wò ó.”

Ó ní kó ka lẹ́tà ara ògiri. Ó kà á tán. Ó ní kó ka èyí tó kéré jù lọ nísàlẹ̀. Ó kà á, ó sì tún ka orúkọ ilé iṣẹ́ tó tẹ páálí náà, èyí tí Kayal fúnra rẹ̀ ò kà rí.

“Ojú yín dá ṣáká.”

“Mo mọ̀.”

“Kí lẹ wá ń ṣe níbí?”

“Ojú náà ló ní òun fẹ́ rí nǹkan kan. Ó ti rí i báyìí.”

Ọmọbìnrin mìíràn ì bá ti lé e jáde. Kayal kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sẹ́yìn káàdì ilé ìtajà, ó fún un, ó sì pe ẹni tó kàn.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé nìyẹn lójoojọ́ Ẹtì, lórí àtẹ̀gùn odò àfọwọ́gbẹ́ tó wà nínú tẹ́ńpìlì ńlá ní Mylapore. Ọgbọ́n Kayal ni. Ìyá wo ló máa bi ọmọ rẹ̀ léèrè ohun tó ń wá ní tẹ́ńpìlì? Wọ́n á jókòó bí ẹni tó ń gbàdúrà, wọ́n á máa fọ́n ìrẹsì díndín fún ẹja, wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀. Maruthan sọ fún un pé ìyá òun nìkan ló kù fún òun, pé ọkọ̀ tí òun ń wà kì í ṣe tòun, pé òun ò sì ní parọ́ fún un lórí èyíkéyìí nínú rẹ̀. Kayal sọ fún un nípa Thangaraj.

Thangaraj ni ọmọ Àǹtí Sornam. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Kayal ni àǹtí náà ti dúró létí ibùsùn ọmọ tuntun, tó ní, “Ìyàwó ọmọ mi dé.” Kì í ṣe eré. Láàárín wa, ẹ̀gbọ́n obìnrin ní ẹ̀tọ́ sí ọmọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin fún ọmọ tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa fẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láìbi obìnrin náà.

“Thangaraj ńkọ́?” Maruthan béèrè. “Ṣé ó fẹ́ ẹ?”

“Fóònù rẹ̀ ló fẹ́. Èèyàn dáadáa ni. Tí wọ́n bá fún un ní ìyàwó, á gbà. Tí wọ́n bá fún un ní ewúrẹ́, á gbà náà.”

*

Ọdún kejì, ní Madurai, ọ̀rọ̀ náà tú. Àǹtí Sornam ti wá pàdé wọn síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń jáde kúrò níwájú òrìṣà obìnrin tó ni tẹ́ńpìlì ibẹ̀, Kayal bu eérú mímọ́ díẹ̀ sínú ewé, ó gbé e lọ fún Maruthan nídìí ọkọ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi í sí iwájú orí rẹ̀. Ohun tí ìyàwó ń ṣe fún ọkọ ni. Kayal mọ̀. Ọ̀sán gangan ni, kò sì wo ọ̀tún wo òsì.

Àǹtí Sornam rí i. Ẹnu obìnrin náà ò lè gba omi, áńbọ̀sì pé kó gba irú ọ̀rọ̀ yìí. Kí wọ́n tó dé ilé ni bàbá Kayal ti gbọ́ ọ lójú ọ̀nà, kí wọ́n tó fi oúnjẹ kan ẹnu, gbogbo àdúgbò lẹ́bàá odò ti gbọ́ ọ.

Ọ̀gbẹ́ni Sokkalingam ò pariwo. Ó bi ọmọ rẹ̀ níwájú gbogbo ẹbí pé, “Ṣé òótọ́ ni?”

“Òótọ́ ni, Bàbá.”

“Ẹni tó ń ṣọ́ bàtà mi ni kó wá máa pè mí ní àna?”

“Ẹni tó ń ṣọ́ bàtà yín ò jí i rí, Bàbá. Ẹ wo inú ẹbí yìí, ẹ ka iye ẹni tí ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀.”

Àbúrò ìyá Kayal, Esakki, tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, húkọ́ kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Kayal, Valli, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ tó bá di àwùjọ, dorí kodò sórí ìrẹsì tó ń ṣà.

“Ìran wọn ò bá tiwa fẹ́ra rí,” ni Àǹtí Sornam wí. “Láti ìgbà ìwáṣẹ̀.”

“Àǹtí, Murugan tí ẹ ń ki láàárọ̀ lálẹ́, ta ló wà lápá ọ̀tún rẹ̀? Ṣé kì í ṣe ọmọ ọdẹ inú igbó tó tàn gbé lọ mọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ ni? Ṣé ẹ bi í ní ìran tó ti wá kí ẹ tó foríbalẹ̀ fún un?”

“Ìyẹn, òrìṣà ni. Èyí, awakọ̀ ni.”

“Òrìṣà náà ní ohun tó ń gùn, Àǹtí. Ẹyẹ ọ̀kín ni.”

Àbárá tí bàbá rẹ̀ fẹ́ gbá a ò dé ojú rẹ̀, torí pé ìyá rẹ̀ ti dìde láìsọ̀rọ̀, ó sì gba àárín wọn kọjá pẹ̀lú abọ́ ìrẹsì.

*

Nílẹ̀ wa, àbúrò ìyá ló ń mú ọmọbìnrin lọ síbi ìgbéyàwó, nítorí náà òun náà ló tọ́ kó ṣe alárinà. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Madurai, Esakki wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Chennai pẹ̀lú odidi ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Ó jókòó, ó mu kọfí, ó yin kọfí, ó yin ilé, ó wá mẹ́nu ba ohun tó bá wá.

“Ẹ̀gbọ́n, mo ti lọ rí ìyá ọmọkùnrin náà. Èèyàn gidi ni wọ́n. Ọmọ náà kì í mutí. Kayal fẹ́ ẹ. Kí ló kù tí a fẹ́ máa wá?”

Bàbá Kayal já ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó bó o, ó jẹ ẹ́ tán pátápátá kó tó fèsì.

“Esakki, ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ dára. Ọ̀rọ̀ rẹ ni ò dára. Gbé ọ̀rọ̀ rẹ padà, kó o fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀.”

Esakki gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ padà. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ gbé. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀nà, ó fa Kayal mọ́ra, ó ní, “Ọmọ mi, orí kunkun bàbá rẹ ju ti màlúù lọ. Tìrẹ ńkọ́?”

“Ẹni bíni là ń jọ, Bọ̀dá.”

Ó sọ ọ́, ó dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n nígbà tó ku òun nìkan, ẹ̀rù bà á. Ẹ jẹ́ ká má parọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni. Ó ń rí bí bàbá rẹ̀ ṣe ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láràárọ̀, ó ń rí bí gbogbo ẹbí ṣe ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù láti bá a wí pé òun ló ba ọmọ jẹ́. Ó ń rò ó pé bóyá ọkùnrin kan ò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ tú ilé bàbá ẹni ká. Ní Ẹtì kan lórí àtẹ̀gùn Mylapore, ó sọ ọ́ síta.

“Ṣé ká fi í sílẹ̀?”

Maruthan fọ́n gbogbo ìrẹsì ọwọ́ rẹ̀ fún ẹja kó tó sọ̀rọ̀. “Tó bá jẹ́ pé o ò fẹ́ mi mọ́, sọ ọ́, màá lọ. Mi ò ní yọ ẹ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé àwọn ni ò fẹ́ mi, Kayal, mi ò bi wọ́n. Ìwọ ni mo bi.”

Kayal sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, inú sì bí i sí ara rẹ̀ pé òun béèrè. Ó ní, “Mo fẹ́ ẹ. Má jẹ́ kí n tún bi ẹ́ ní ìbéèrè rádaràda bẹ́ẹ̀ mọ́.”

*

Nígbà tó fi máa di Panguni ọdún kẹta, Àǹtí Sornam ti rí ọ̀nà àbáyọ. Kí wọ́n lọ bi òrìṣà ìdílé. Tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá ta kókó, àwọn ara wa a máa di òdòdó pupa sínú ewé kan, wọ́n á di funfun sínú ewé mìíràn, ìdì méjèèjì á jọra, wọ́n á sì gbé wọn síwájú òrìṣà nínú àwo. Ìyá ọmọ ló ń gbé àwo náà. Òun ló ń béèrè, inú ọkàn rẹ̀ ló sì ti ń béèrè, ẹnikẹ́ni kì í gbọ́. Àwòrò á mú ìdì kan. Tó bá jẹ́ funfun, bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ pupa, rárá.

“Tí òrìṣà bá ní rárá sí Aṣọ́bàtà,” ni bàbá Kayal wí, “ọjọ́ náà gan-an la máa dá ọjọ́ ìgbéyàwó pẹ̀lú Thangaraj. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.”

Ó háyà ọkọ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn lọ́tẹ̀ yìí, awakọ̀ náà sì fọn fèrè láti Chennai dé Madurai. Kayal fẹ́ fàáké kọ́rí pé òun ò lọ. Ohun tó mú un lọ ni pé kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ó sá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Uthiram, wọ́n kọ́kọ́ yà ní Tiruchendur, níbi tí tẹ́ńpìlì Murugan ti kọjú sí òkun. Èèyàn gbọ́dọ̀ wẹ̀ nínú òkun kó tó wọlé. Kayal àti ìyá rẹ̀ di ọwọ́ ara wọn mú kí ìgbì má baà gbé wọn, aṣọ wọn tutù mọ́ wọn lára.

“Màmá, mo ní nǹkan kan láti sọ, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ojú má baà tì yín níwájú wọn. Òdòdó tó bá wù kó jáde lónìí, Maruthan ni mò ń fẹ́. Òdòdó kọ́ ló máa bá mi gbé ilé ọkọ.”

Ìgbì kan lù wọ́n. Valli tu omi iyọ̀ jáde lẹ́nu. Kò bá ọmọ rẹ̀ wí, kò sì bẹ̀ ẹ́, bó ṣe ti ń bẹ̀ ẹ́ láti bí ọdún kan.

“Èmi ni mo máa gbé àwo?” ló béèrè.

“Ẹ̀yin ni. Ṣebí ẹ̀yin ni ìyá mi.”

“Ẹni tó gbé àwo ló ń béèrè?”

“Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe é, Màmá. Ẹ mọ̀ ju mi lọ.”

“Mo mọ̀,” ni Valli wí. Ó ri orí rẹ̀ bọ omi, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé e sókè.

*

Àárín yanrìn pupa ni òrìṣà ìdílé wọn jókòó sí, láàárín igi àgbọn olódu, pẹ̀lú àwọn ẹṣin alámọ̀ gàgàrà níwájú rẹ̀. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn obìnrin ń se ìrẹsì dídùn nínú ìkòkò, èéfín gba gbogbo ibẹ̀. Ìdílé Sokkalingam bọ́ bàtà sínú ọkọ̀, awakọ̀ ti ọkọ̀ pa, ó sì gba ibi ìrẹsì lọ.

Àwòrò, bàbá arúgbó kan tí òdòdó kún ọrùn rẹ̀, di ìdì méjèèjì fúnra rẹ̀, ó sì gbọ̀n wọ́n pọ̀ nínú àwo. Ó gbé àwo náà lé Valli lọ́wọ́. Valli di ojú. Ètè rẹ̀ ò mì. Ó wu Kayal kó gba àwo náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kó jù ú sínú iyanrìn. Ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé òdòdó náà ò já mọ́ nǹkan kan, síbẹ̀ kò lè gbé ojú kúrò lára àwo náà. Àwòrò nawọ́, ó mú ìdì kan, ó tú u.

Pupa ni.

Àǹtí Sornam figbe ayọ̀ ta débi tí àwọn tó ń se ìrẹsì fi bojú wẹ̀yìn. Bàbá Kayal pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ó gbé e sókè orí. “Òrìṣà ti sọ̀rọ̀. Ó ní rárá. Ó tán lórí Aṣọ́bàtà.”

“Bàbá Kayal,” ni Valli wí, “ẹ ò tíì bi mí ní ohun tí mo béèrè.”

Ohùn rẹ̀ kéré débi pé Àǹtí Sornam ṣì ń yọ̀ lọ. Valli gbé àwo kalẹ̀. Ó tún un sọ, ó sì lọ sókè lọ́tẹ̀ yìí.

“Mi ò bi òrìṣà nípa awakọ̀ kankan. Mo bi í pé, ṣé ká fún Thangaraj ní Kayal. Ó ní rárá. Ẹ̀yin náà rí i.”

Thangaraj gbé ojú kúrò lórí fóònù rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. “Màmá,” ló sọ fún ìyá rẹ̀, “ìrẹsì ti jinná. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun.”

“Pa ẹnu rẹ mọ́,” ni Àǹtí Sornam wí. Ó yíjú sí àwòrò. “Bàbá, kò gún régé. Ẹ tún un di. Ẹ jẹ́ kó tún un béèrè bó ṣe tọ́.”

“Rárá,” ni Valli wí.

Kò sí ẹni tó gbọ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu rẹ̀ rí nínú ẹbí yẹn, ọkọ rẹ̀ pàápàá. Ó dúró níwájú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tí òun máa ń bẹ̀rẹ̀ kí, omi òkun sì ti gbẹ di iyọ̀ sára irun rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún un béèrè lórí mi. Ẹ rántí? Ibí yìí náà ni. Ẹ fẹ́ fi mí fún àbúrò yín, màmá mi gbé àwo, pupa jáde. Ẹ ní kò gún régé. Wọ́n tún un di, pupa. Ẹ ní kí wọ́n tún un di. Ẹ bi òrìṣà títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó sì fún yín ní funfun. Funfun yẹn ni mo ti ń bá gbé láti ọjọ́ yìí. Mi ò sọ pé ó burú. Mi ò sọ pé ó dára. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi mí. Ẹ ò ní tún un béèrè lórí ọmọ mi.”

Ọ̀gbẹ́ni Sokkalingam ń wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Èèyàn ì bá káàánú rẹ̀, ká ní ó pa ẹnu mọ́. Kò pa á mọ́.

“Ó dáa,” ló wí. “Kí wọ́n di òmíràn. Kí wọ́n wá béèrè nípa Aṣọ́bàtà.”

Kayal ló bọ́ sí iwájú. Ó mú òdòdó pupa náà nínú ewé, ó sì fi í sínú irun ara rẹ̀, lẹ́bàá etí.

“Ẹ má bi í nǹkan kan, Bàbá. Tí funfun bá jáde, ẹ máa ní kò gún régé. Òrìṣà ń gbéyàwó lónìí, ẹ jẹ́ kó sinmi. Kò sí ìbéèrè nílẹ̀. Maruthan ló bi mí, mo sì ti dá a lóhùn.”

“Tó o bá jáde lọ bá a,” ni bàbá rẹ̀ wí, “má gbé ẹsẹ̀ rẹ wá síwájú òrìṣà yìí mọ́ láyé. Kì í ṣe tìrẹ mọ́.”

“Ìgbà wo ló jẹ́ tèmi, Bàbá? Tí mo bá fẹ́ Thangaraj, òrìṣà bàbá Thangaraj ni màá máa sìn. Ẹni yòówù kí n fẹ́, òrìṣà tirẹ̀ ni. Àǹtí ń pariwo níbí, àlejò ni wọ́n níbí láti ọjọ́ tí wọ́n ti lọ sílé ọkọ. Màmá fi tiwọn sílẹ̀ wá sìn tiyín. Òrìṣà àyálò ni gbogbo àwa obìnrin ń sìn. Ẹ ò lè fi ohun tí ẹ ò fún mi rí dẹ́rù bà mí.”

Ó foríbalẹ̀ fún òrìṣà náà lẹ́ẹ̀kan, ó foríbalẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó sì dìde, ó ń lọ.

Oòrùn ti dé àtàrí. Ọkọ̀ wà ní títì pa, bàtà rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Kayal ò dúró wá awakọ̀. Ó gba orí yanrìn pupa náà lọ, ẹsẹ̀ lásán, ó ń jó o dé ọpọlọ, kò sì sáré, torí ó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun láti ẹ̀yìn. Lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà ní òpin yanrìn náà, Bọ̀dá Esakki dúró. Ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó wọ bọ́ọ̀sì èrò láti Chennai wá. Ẹni náà ti ń bọ̀ kó tó dé ìdajì ọ̀nà. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ara rẹ̀, bàtà ńlá gbàràgàdà, ó gbé e síwájú Kayal, òun fúnra rẹ̀ wá dúró lórí iyanrìn gbígbóná.

“Ta ló rán ẹ?” Kayal béèrè, omi ń dà lójú rẹ̀.

“Iyanrìn ló ránṣẹ́,” ni Maruthan wí. “Ó ní ọ̀tẹ̀ yìí, ẹni náà ò jó rárá.”

*

Oṣù Vaikasi, oṣù kejì lẹ́yìn Panguni, ni wọ́n ṣègbéyàwó, ní Tiruchendur, níwájú òrìṣà tó jí ìyàwó tirẹ̀ gbé. Esakki mú Kayal lọ́wọ́ wọlé. Ìyá Maruthan wà níbẹ̀. Valli wà níbẹ̀, ó wọ siliki aláwọ̀ ewé tí kò tíì wọ̀ rí, òun ló sì ń pàṣẹ fún gbogbo èèyàn. Bàbá Kayal ti búra pé òun ò ní fojú kan ìgbéyàwó náà. Ó bá ìyàwó rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Chennai, ó sì fàáké kọ́rí lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ńpìlì pé òun ò wọlé. Wọ́n fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Nígbà tí okùn ìgbéyàwó ti wà lọ́rùn Kayal, wọ́n jáde sínú oòrùn ọ̀sán. Ọ̀gbẹ́ni Sokkalingam jókòó lórí òkúta kan lábẹ́ ògiri, agbòòrùn rẹ̀ wà ní ṣíṣí lórí ilẹ̀ níwájú rẹ̀. Abẹ́ agbòòrùn náà ni bàtà gbogbo wọn wà ní méjì méjì. Orí òun fúnra rẹ̀ wà nínú oòrùn.

“Mi ò wá síbi ìgbéyàwó,” ló wí kí ẹnikẹ́ni tó béèrè, kò sì wo ojú àna rẹ̀. “Àwọn olè bàtà pọ̀ níbí. Bàtà ìyàwó mi ni mò ń ṣọ́.”

“Bàtà tèmi náà ńkọ́, Bàbá?” ni Kayal wí.

“Ó wà nítòsí tiẹ̀.”

“Ti ọkọ mi ńkọ́?”

Bàbá rẹ̀ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti bàtà ńlá gbàràgàdà kan síwájú díẹ̀, ó padà ronú, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ gbé e.

Kayal wọ bàtà tirẹ̀. Kò gbóná rárá.